Òṣèrébìnrin tí gbogbo ayé fẹ́ràn: kí ló dé tó fi jẹ́ ipa kan náà ni wọ́n ń fún un ṣáá?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, mo ń kọ ìròyìn àwọn òṣèré fún ìwé ìròyìn kékeré kan tó ti kógbá wọlé báyìí. Òṣèrébìnrin kan wà nígbà náà tí gbogbo àwọn ìyá ọlọ́jà fẹ́ràn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó onísùúrù ló máa ń ṣe nínú fíìmù. Ọkọ á nà án, ìyá ọkọ á lé e jáde, á sunkún, á gbàdúrà, Ọlọ́run á sì dá a láre kí apá kejì tó parí. Lọ́jọ́ kan, ó gba ipa obìnrin tó fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ nítorí owó. Mo rí póstà fíìmù náà lára ògiri, ó mú sìgá lọ́wọ́. Kíá ni mo gbé ìròyìn jáde, tí mo ń béèrè ohun tó kọlu arábìnrin náà. Mo kọ ọ́ pé ó ti ba orúkọ rere rẹ̀ jẹ́, pé inú ń bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀.

Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Kò bú mi o. Ó ní, "Ọ̀gá akọ̀ròyìn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo fíìmù yẹn?"

Mi ò tíì wò ó. Mo ní, "Àǹtí, mo rí póstà ẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sunkún fún yín. Ẹ ò wá lè jẹ́ kí n ṣìkà lẹ́ẹ̀kan péré?"

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo ti kà, tí mo sì ti fojú rí láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kó sílẹ̀ níbí, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fíìmù lójoojúmọ́ lè mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an?

Àwọn eléré máa ń pè é ní typecasting. Ìyẹn ni pé kí wọ́n máa fún òṣèré ní irú ipa kan náà, torí pé ibẹ̀ ni ojú àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá ṣe adigunjalè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, adigunjalè ni wọ́n máa pè é wá ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin.

Àmọ́ èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Òṣèré tí wọ́n mọ̀ sí ìkà lè ráhùn pé wọn ò jẹ́ kí òun ṣe nǹkan mìíràn, a ó sì bá a kẹ́dùn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn kò lè ráhùn. Tó bá ráhùn, wọn á ní aláìmoore ni. Ta ló ń sunkún pé ayé fẹ́ràn òun jù?

Àwa Yorùbá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, nítorí a máa ń gba orúkọ lọ́wọ́ òṣèré, ká fi orúkọ ipa tó kó rọ́pò rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń pe Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀? Bàbá Sàlá ni gbogbo wa mọ̀. Babátúndé Omídínà, Bàbá Ṣùwé ni. Lánre Hassan, Ìyá Àwẹ́ró ni. Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ. Ó ń ro òṣèré náà.

Ó sì le fún obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ọkùnrin tó ṣe jàǹdùkú lónìí lè ṣe pásítọ̀ lọ́la, a ó ní ó mọ eré ṣe. Obìnrin tó ṣe ìyàwó rere tó wá ṣe aṣẹ́wó, a ó ní kí ló kó sí i lórí. Èmi náà wà lára àwọn tó bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ.

Ọwọ́ mẹ́rin tó ń fa okùn náà

Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ olóòtú, ẹni tó ń náwó sí fíìmù. Nínú eré àgbéléwò tiwa, ọjọ́ tí wọ́n fi ń ya fíìmù kì í pọ̀, owó kì í sì í tó. Bí ojú tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ìyá rere bá yọ, kò sídìí láti ṣàlàyé mọ́. Ojú yẹn nìkan ti ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olóòtú tó bá fẹ́ gbówó rẹ̀ padà kò ní fẹ́ fi ojú yẹn dán nǹkan mìíràn wò.

Ìkejì ni ọwọ́ àwọn tó ń polówó ọjà. Mílíìkì, ọṣẹ ọmọdé, èròjà ọbẹ̀, ojú tó tutù ni wọ́n ń wá. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìlà kan tó sọ pé òṣèré kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó lè ba orúkọ ọjà jẹ́. Ìgbà míì sì rèé, owó ìpolówó ju owó fíìmù márùn-ún lọ.

Ìkẹta ni ọwọ́ tiwa, àwa òǹwòran. A kì í ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ipa tó kó, èyí kì í sì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí Hubert Ògúndé ń dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bọ́ sórí ìtàgé, torí ojú aláìníwà ni wọ́n fi ń wo obìnrin tó bá ń ṣeré níta gbangba. Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, èyí sì wà lára ohun tó fi dá wọn dúró sínú ẹgbẹ́.

Ìkẹrin ni ọwọ́ òṣèré fúnra rẹ̀. Owó ilé ń bẹ, owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ. Tí èèyàn bá ti mọ ibi tí owó ti ń wọlé, ẹ̀rù á máa bà á láti yà kúrò níbẹ̀.

Tí wọ́n bá bi yín pé nínú ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ló lágbára jù, púpọ̀ nínú yín á ní ti olóòtú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi ka ìtàn obìnrin kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí fíìmù ò tíì máa sọ̀rọ̀.

Mary Pickford: ọ̀gá iléeṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó dàgbà

Kánádà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1892. Gladys Smith ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tètè kú, láti kékeré ló sì ti ń fi eré ṣíṣe bọ́ ìyá rẹ̀ àti àbúrò méjì. Nígbà tó wọ fíìmù, irun rẹ̀ tó lọ́ wálẹ̀ dé èjìká àti ojú rẹ̀ tó dà bíi tọmọdé sọ ọ́ di ààyò gbogbo Amẹ́ríkà.

Ọmọdébìnrin ni wọ́n fẹ́ kó máa ṣe. Lọ́dún 1917, ó ṣe ọmọ ọdún 11 nínú The Poor Little Rich Girl. Ọmọ ọdún 24 ni òun fúnra rẹ̀. Wọ́n kan àga àti ilẹ̀kùn tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè kéré lójú. Lọ́dún 1920, ó ṣe Pollyanna, ọmọdé náà ni. Ó ti pé ọdún 27.

Ṣé kò mọ nǹkan mìíràn ṣe ni? Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú Stella Maris, lọ́dún 1918, ipa méjì ló kó: ọmọge olówó tó rẹwà, àti ọmọ òrukàn tí ìyà ti jẹ débi pé ojú rẹ̀ ò wuni wò. Ẹni tó bá wò ó lónìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà pé ẹnì kan náà ni.

Ṣé kò lágbára ni? Lọ́dún 1919, òun, Charlie Chaplin, Douglas Fairbanks àti D. W. Griffith jọ dá United Artists sílẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ó wá gbìyànjú ipa àgbà: lọ́dún 1923 ó ṣe Rosita, akọrin ìgboro ní Sípéènì, lọ́dún 1924 ó ṣe Dorothy Vernon of Haddon Hall. Àmọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ò yé béèrè ọmọ kékeré. Lọ́dún 1925, ó gba inú ìwé ìròyìn Photoplay bi wọ́n léèrè pé irú ipa wo ni wọ́n fẹ́ kí òun kó. Èsì wọn ni Cinderella, Heidi, Alice, Anne of Green Gables. Ọmọdé, ọmọdé, ọmọdé. Lọ́dún yẹn kan náà ló ṣe Little Annie Rooney, ó tún di ọmọ kékeré tó ń jà ní àdúgbò. Ó ti pé ẹni ọdún 33.

Lọ́dún 1928, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ó lọ gé irun yẹn. Irun lásán o! Ó di ìròyìn ojú ewé àkọ́kọ́, bí ìgbà tí nǹkan ṣe orílẹ̀-èdè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe Coquette, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún un. Síbẹ̀, ìfẹ́ tí wọ́n fẹ́ ọmọdé yẹn kò tẹ̀ lé àgbàlagbà yìí. Secrets, tó jáde lọ́dún 1933, ni fíìmù tó ṣe kẹ́yìn. Ẹni 40 ọdún ni. Ó sì wà láyé di 1979.

Ìdí nìyí tí mi ò fi í tètè gbà bí àwọn èèyàn bá ní, "Kó ṣáà dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀." Pickford ní iléeṣẹ́, ó lówó, ó tún gba Oscar. Òǹwòran ni kò gbà.

Julie Andrews: ọdún 1964 tí wọ́n gbàgbé apá kan rẹ̀

Ẹnì kejì, ẹ mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ mi ni yín, ilé ará àdúgbò tó ní fídíò ni ẹ ti wo The Sound of Music, níbi tí kásẹ́ẹ̀tì ti ń hán ní ibi kan náà lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá kéré sí mi, ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí Netflix: òun ni Lady Whistledown tó ń tú àṣírí gbogbo ìlú nínú Bridgerton láti ọdún 2020.

Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1935. Lọ́dún 1956, òun ló ṣe Eliza nínú My Fair Lady lórí ìtàgé ní New York, ó sì gbayì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, Audrey Hepburn ni wọ́n gbé e fún, torí wọ́n ní orúkọ Julie kò tíì tó láti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Disney ló mú un fún Mary Poppins, olùtọ́jú ọmọ tó ń fi agboòrùn fò. Fíìmù náà jáde lọ́dún 1964, ó sì gba Oscar. The Sound of Music tẹ̀ lé e lọ́dún 1965, fíìmù tó pa owó ju gbogbo èyí tó ti jáde ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọmọge tó fẹ́ di sísítà, tó ń kọ́ ọmọ méje lórin. Ó parí. Ayé ti pinnu ẹni tí Julie Andrews jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1964 yẹn kan náà, ó ṣe fíìmù mìíràn, The Americanization of Emily. Kò kọrin níbẹ̀. Opó ogun ni, ó ń wa mọ́tò fún àwọn ológun, ó sì ti bá àwọn ọkùnrin tó ń lọ sójú ogun sùn torí àánú wọn ń ṣe é. Nítorí náà, ojú méjèèjì ló fi han ayé ní ọdún kan ṣoṣo. Ayé mú ọ̀kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀.

Lọ́dún 1968, ó ṣe Star!, ìtàn òṣèré olórí líle kan tó ń mutí, tí kì í ráyè ọmọ rẹ̀. Olùdarí The Sound of Music gan-an ló darí rẹ̀. Ó forí ṣánpọ́n. Iléeṣẹ́ gé e kúrú, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n tún gbé e jáde, pàbó ló já sí. Lọ́dún 1970, ó ṣe amí fún Jámánì nínú Darling Lili. Òfò ni. Lẹ́yìn èyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú fíìmù fún ọdún mẹ́sàn-án. The Tamarind Seed ti ọdún 1974 nìkan ló yọ láàárín ìgbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹni ọdún 35 sí 44 ni, ìgbà tí iṣẹ́ yẹ kó dùn jù.

Ẹni tó bá a ṣí ilẹ̀kùn ni ọkọ rẹ̀, Blake Edwards, olùdarí fíìmù. Lọ́dún 1981, ó gbé S.O.B. jáde, ìtàn olóòtú kan tí fíìmù rẹ̀ kú, tó wá ń bẹ ìyàwó rẹ̀, òṣèré tí ayé mọ̀ sí ẹni mímọ́, pé kó ṣí àyà sílẹ̀ nínú fíìmù. Julie ló ṣe ìyàwó yẹn, ó sì ṣí i lóòótọ́. Wọ́n mú ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n fi ṣe eré. Ọdún kejì, Victor/Victoria jáde: obìnrin tó ń díbọ́n pé òun jẹ́ ọkùnrin tó ń díbọ́n pé òun jẹ́ obìnrin. Wọ́n tún dá orúkọ rẹ̀ fún Oscar. Ó ti pé ẹni ọdún 46.

Nílé wa ńkọ́?

Lọ́dún 2008, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé Jenifa jáde: Súlíà, ọmọ abúlé tó wọ yunifásítì, tí òyìnbó ẹnu rẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì ẹ̀yẹ AMAA fún òṣèrébìnrin tó dára jù. Láti ìgbà náà, Jenifa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2010, ó ṣe ìbejì nínú Ọmọ Ghetto, ọ̀kan jàǹdùkú, ìkejì ọmọlúàbí, bí Pickford ṣe pín ara rẹ̀ sí méjì nínú Stella Maris. Lọ́dún 2023, ó ṣe ìyá ọmọkùnrin márùn-ún nínú A Tribe Called Judah, fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilẹ̀ wa. Ẹ̀rín ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti Jenifa, àwọn èèyàn sì rọ́ lọ wò ó. Ní December 2024, ó padà sọ́dọ̀ Jenifa, owó tó pa sì ju ti Judah lọ. Àkọlé rẹ̀ ni Everybody Loves Jenifa. Ẹ tún àkọlé yẹn kà.

Bí mo ṣe rí i, Fúnkẹ́ rí ohun tí Pickford kò rí. Ó sọ Jenifa di ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣí i nígbà tó bá fẹ́ tajà, ó ń tì í nígbà tó bá fẹ́ lọ síbòmíràn, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe ohun mìíràn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ owó ìdókòwò. Òṣèrébìnrin mélòó ló ní in?

Ọ̀nà kejì ni ti Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé. Láti ìgbà Super Story ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pè é ní Tóyìn Tòmátò. Lọ́dún 2016, nínú The Wedding Party, òun ni ìyá ìyàwó, aláriwo tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ó rọrùn kí wọ́n wá máa fún un ní ìyá ìyàwó títí ayé. Kẹ́mi Adétiba tó darí fíìmù yẹn ló tún pè é lọ́dún 2018 pé kó wá ṣe Ẹniọlá Salami nínú King of Boys, obìnrin tí àwọn ọ̀daràn ń wárí fún, tí kì í fi ikú ṣeré. Lọ́dún 2021, ó di eré alápá púpọ̀ lórí Netflix. Olùdarí kan náà ni, òṣèré kan náà ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ló rántí pé ìyá tó lè jó lè pàṣẹ.

Kí la lè rí mú níbẹ̀?

Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí èyí tó jáde nítorí pé ó mọ eré ṣe nìkan. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jáde ní ọ̀kan nínú nǹkan méjì: owó tó lè fi fara da òfò, tàbí olùdarí tó mọ apá kejì rẹ̀. Nǹkan kẹta ló sì wọ́n jù, ìyẹn òǹwòran tó máa jókòó wò ó kó tó dá ẹjọ́. Pickford ní àkọ́kọ́, kò rí ìkẹta.

Òṣèrébìnrin tí mo sọ lókè yìí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fíìmù májèlé yẹn kò tà. Mi ò lè sọ pé ìròyìn mi ló fà á, àmọ́ mi ò lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Ó padà sídìí ẹkún, ó ṣe ìyàwó onísùúrù títí tó fi dàgbà di ìyá onísùúrù.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí fíìmù náà lórí YouTube. Mo wò ó tán lóru ọjọ́ kan. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ti ń bu ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, tó ń bi í bóyá iyọ̀ tó. Kò mú ojú le, kò yí ohùn padà. Ohùn ìyàwó onísùúrù tá a ti mọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án ló fi bi í. Ara mi bù máṣọ. Gbogbo ìfẹ́ tá a ní sí i ló kó sínú ọbẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti wo fíìmù yẹn báyìí. Ẹ ṣe é gan-an."

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó fèsì. Ohùn ló fi ránṣẹ́, mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá akọ̀ròyìn, ẹ kú ìrìn o. Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé sinimá."